Ta Ló Ń Mu Nǹkan Oṣù Ẹniọlá?

Ọjọ́ Sátidé ni Samuel Adégòkè kú, lórí àga, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, níbi tó ti ń parí ìjà fún àwọn ọkùnrin méjì tó ń du ààlà oko. Ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀ fún yín." Ó gbé ọwọ́ sókè, kò sì sọ òótọ́ kankan mọ́ láyé. Àwọn tó wá gba ìdájọ́ rò pé ó ń ronú ni. Kí wọ́n tó mọ̀ pé ó ti lọ, tíì tó wà níwájú rẹ̀ ti tutù.

Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni. Ó ti tó ọdún mẹ́rin tí dókítà ti sọ fún un pé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ń ru, tó sì fún un ní oògùn tí yóò máa lò lójoojúmọ́. Samuel a máa lò ó ní ọjọ́ Ìsinmi nìkan, kí ó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, bí ẹni ń gba ara Olúwa. Kò sẹ́ni tó rántí oògùn náà nígbà tí ẹkún bẹ̀rẹ̀. Ohun tí gbogbo wọn rántí ni pé Ajíbọ́lá, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, ló po tíì.

Ajíbọ́lá ti pé ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Èmùré ló ti lọ́kọ. Kò bímọ níbẹ̀. Nígbà tí ọkọ kú, àwọn ará ilé ọkọ ní kí ó máa lọ sílé bàbá rẹ̀. Láti ìgbà náà ló ti ń gbé yàrá ẹ̀yìn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ balùwẹ̀, lábẹ́ igi máńgòrò tí àwọn lékeléke ń sùn lé. Bí ilẹ̀ bá ti fẹ́ ṣú, wọn yóò rọ́ wá, wọn yóò máa bára wọn du ẹ̀ka. Igi máńgòrò mẹ́ta ló wà ní àdúgbò náà, lékeléke sì ń sùn lórí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ti ẹ̀yìn yàrá Ajíbọ́lá nìkan ni àwọn ènìyàn ń ka ẹyẹ orí rẹ̀.

Ní ọjọ́ kẹjọ, ìdílé pé sí pálọ̀. Ajíhìnrere Gideon, àbúrò olóògbé, tó ti Èkó dé pẹ̀lú Bíbélì oní-síìpù àti fóònù méjì, ló ṣí ìpàdé.

"Ẹnì kan wà nínú ilé yìí," ni ó wí.

"Ẹni púpọ̀ ló wà nínú ilé yìí," Ajíbọ́lá fèsì láti ẹnu ọ̀nà. "Dárúkọ."

Victoria, opó Samuel, kò jẹ́ kí Gideon tún mí. "Ìwọ ni! Ìwọ lo po tíì fún ọkọ mi. Ìwọ náà lo jókòó ti ilé ọmọ ìyàwó ọmọ mi!"

"Victoria, èmi lò ń pè ní ìwọ?"

"Mi ò lè máa fi ẹ̀yin pe àjẹ́!"

Gbogbo pálọ̀ mí sínú. Victoria tún aṣọ rẹ̀ ṣe. Aṣọ funfun ni, kódà nínú ọ̀fọ̀. Nọ́ọ̀sì Victoria ni gbogbo àdúgbò ń pè é. Kò ṣe nọ́ọ̀sì rí. Ọdún méjìlélógún ló fi gbálẹ̀ ọsibítù, tó fi da ìtọ̀ àwọn aláìsàn nù, tó sì ń yọjú láti ẹnu ọ̀nà wo ohun tí àwọn dókítà ń ṣe. Ọjọ́ tó fẹ̀yìntì, ó wọ aṣọ funfun wálé, kò sì bọ́ ọ mọ́. Yàrá iwájú ilé rẹ̀ ló ti ń fọ ilé ọmọ fún àwọn obìnrin: ẹni tí oyún bà jẹ́ lára rẹ̀, ẹni tí kò tètè lóyún, ẹni tó kàn fẹ́ kí inú òun mọ́ kí ọdún tuntun tó dé.

Ẹniọlá, ìyàwó Babájídé, àkọ́bí Victoria, jókòó sórí àpótí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlẹ̀kùn, ó ń wo ilẹ̀. Òun ni ọ̀rọ̀ náà ń bá wí gan-an. Ọdún kẹfà rèé tó ti wọ ilé náà. Oyún kan ló ní, ó bà jẹ́ ní oṣù kẹta. Ìyá ọkọ rẹ̀ fọ ilé ọmọ rẹ̀, ó tún un fọ̀, ó tún un fọ̀. Lẹ́yìn ìkẹta, nǹkan oṣù rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wá bíńtín bíńtín, bí omi ẹ̀rọ ìjọba. Lẹ́yìn ìkẹrin, kò wá mọ́. Ọdún mẹ́ta gbáko. Gideon ti rí ìran nípa rẹ̀: àjẹ́ ilé ló ń fi ife mu ún lóṣooṣù, ó sì ti fi àgádágodo ti ẹnu ilé ọmọ náà pa.

Olùkọ́ sáyẹ́ǹsì ni Ẹniọlá. Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, yóò ya àwòrán ilé ọmọ sójú pátákó fún àwọn ọmọ JSS 3, yóò fi ọ̀pá tọ́ka sí i níkọ̀ọ̀kan, yóò ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan náà, yóò kúnlẹ̀ bẹ Ọlọ́run pé kí ó gba ife lọ́wọ́ ẹni tó ń mu òun. Kò rò ó rí pé ilé ọmọ kan náà ni.

"Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ogójì," Gideon wí, "ìyàwó yóò dìde níwájú gbogbo ẹbí, yóò sọ ohun tó rí lójú àlá. Ṣebí o rí i, ìyàwó? Ṣebí ó fún ọ ní mọ́ínmọ́ín?"

Òótọ́ ni. Ẹniọlá ti lá a pé Ajíbọ́lá fún òun ní mọ́ínmọ́ín. Tolú ló sọ ọ́ fún, ìyàwó àbúrò ọkọ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé ilé, kí ilẹ̀ ọjọ́ náà sì tó ṣú, mọ́ínmọ́ín yẹn ti dé Èkó.

"Mo rí i, sà," ni Ẹniọlá dáhùn.

"Bó bá ti wí bẹ́ẹ̀ tán, ẹrù obìnrin yìí yóò wà níta kí oòrùn tó wọ̀. Kí Olúwa bùkún ìpàdé wa."

*

Ìbínú gbé Ẹniọlá dé ẹ̀yìnkùlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Àwọn lékeléke ti ń balẹ̀, igi máńgòrò ti funfun. Ajíbọ́lá jókòó sẹ́nu ọ̀nà, rédíò kékeré ń sọ̀rọ̀ lẹ́sẹ̀ rẹ̀, ó ń ṣa ẹ̀wà.

"Kí ni mo ṣe fún yín, Ìyá?"

"Jókòó, ìyàwó wa."

"Mi ò jókòó!"

"Dúró nígbà náà. Ẹsẹ̀ tìẹ ni yóò ro ẹ́."

"Ọdún mẹ́ta! Mo máa ń fọ aṣọ yín, mo máa ń gún iyán fún yín, ẹ sì ń wò mí lójú, ẹ ń mu mí!"

Ajíbọ́lá ju ẹ̀wà tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ sínú àwo. Inú bí i débi pé èdè Ìkẹ́rẹ́ rẹ̀ túbọ̀ ki. "Èmi! Èmi tí dókítà ní kí n má fi ẹnu kan iyọ̀! Èmi ni mo wá ń mu ẹ̀jẹ̀! Ìwọ tí o kàwé, inú ulé ọmọ rẹ ni mo ń gbà wọlé, àbí ojú fèrèsé?" Ó mí hẹlẹ. "Dá mi lóhùn ìbéèrè kan. Ọjọ́ wo ló dúró?"

"Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn."

"Mo ní ọjọ́ wo."

"Lẹ́yìn tí Màmá fọ̀ mí nígbà kẹrin..." Ẹniọlá gbọ́ ohùn ara rẹ̀. Lórí igi, ẹyẹ kan já bọ́ láti orí ẹ̀ka, ó tún fò padà sókè.

"Wọ́n fọ tèmi náà ní Èmùré," Ajíbọ́lá wí. Ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Ìyá ọkọ mi ló mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan tó ní abẹ́rẹ́. Ó dúró bí tìrẹ ṣe dúró. Wọ́n ní ìyá mi ló ń mu ún. Ìyá mi kú, wọ́n ní ọ̀rẹ́ mi ni. Nígbà náà, kò sẹ́ni tó lè yọjú wo inú ulé ọmọ. Nísinsìnyí, ó wà. Mo gbọ́ ọ lórí rédíò yìí. Obìnrin kan ní Adó ló ń sọ ọ́. Wọ́n máa ń ti iná bọ̀ ọ́, wọ́n á rí gbogbo rẹ̀. Bó o bá dé ibẹ̀ tó o bá mi nínú rẹ̀ pẹ̀lú ife lọ́wọ́, wá, èmi fúnra mi ni yóò kó ẹrù mi síta."

Ẹniọlá kò sùn. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó pe Babájídé ní Èkó, níbi tó ti padà sẹ́nu iṣẹ́ lẹ́yìn ìsìnkú bàbá rẹ̀, tó sì ń wálé ní ìparí oṣù.

"Kí lo fẹ́ lọ ṣe ní Adó?" ni Babájídé wí. "Ta ló mọ̀ ju Màmá lọ? Nọ́ọ̀sì ni wọ́n o."

"Jídé, ara mi ni."

"Ẹniọlá, mo wà níbi iṣẹ́."

Ó ti pa fóònù.

*

Ẹ̀ẹ̀mejì ni Ẹniọlá àti Ajíbọ́lá lọ sí Adó láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè tí ojú fi tì í. Ìgbà kejì ni iṣẹ́ abẹ. Nítorí pé wọ́n ti ní kò gbọdọ̀ jẹ, kò gbọdọ̀ mu láti alẹ́, àti pé ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ni wọn yóò kọ́kọ́ ṣe, aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n jáde láti ẹ̀yìnkùlé. Ajíbọ́lá fi ìborùn bo orí nítorí òtútù, ó gbé kúlà ẹ̀kọ gbígbóná dání fún ẹni tí ebi yóò pa bí wọ́n bá ti ṣe é tán. Bí wọ́n ṣe kọjá lábẹ́ igi, àwọn lékeléke fò dìde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, funfun nínú òkùnkùn.

Tolú, tó jáde lọ tọ̀, rí gbogbo rẹ̀: obìnrin méjì, ìborùn, nǹkan rìbìtì kan lọ́wọ́ àgbà, ẹyẹ tó tẹ̀lé wọn. Ó sáré wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Kúlà ti di igbá àjẹ́ kí ó tó dé orí ibùsùn.

Dókítà Adéolúwa, ẹni tó sọ̀rọ̀ lórí rédíò náà, kéré ju bí Ẹniọlá ṣe rò lọ, obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó máa ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ tètè tán kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀.

"Ta ni yóò buwọ́ lùwé?" ni Ẹniọlá bi í. "Ọkọ mi wà ní Èkó."

"Ta ló ni ara?"

"Èmi ni, mà."

"Buwọ́ lù ú nígbà náà."

Wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ ní ẹ̀yìn. Láti ìbàdí dé ẹsẹ̀ kò mọ nǹkan kan mọ́, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ là kedere. Tẹlifíṣọ̀n kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orí rẹ̀. Dókítà mú ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ kan, kò ju ìdí bírò lọ, kámẹ́rà àti iná wà lẹ́nu rẹ̀. Ó ti í gba ojú ara wọlé, kò la ikùn rárá. Ó fi omi ṣí ọ̀nà níwájú rẹ̀. Ẹniọlá sì rí ilé ọmọ ara rẹ̀.

Kò jọ èyí tó máa ń yà sójú pátákó. Èyí tó máa ń yà ní àyè nínú. Nínú èyí, iwájú ti lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn. Àwọn iṣan funfun le gírígírí láti ògiri kan dé èkejì, bí òwú tí wọ́n fi rán ẹnu àpò ìrẹsì. Dókítà ní àpá ni. Ẹniọlá ń wo gbogbo igun, ó ń wo, ó ń wo.

"Kí lò ń wá?" Dókítà bi í.

"Àgádágodo, mà."

Dókítà Adéolúwa kò rẹ́rìn-ín. Ó yí ọ̀pá sí apá ọ̀tún, ó yí i sí apá òsì, ó jẹ́ kí ó wò ó dáadáa. "Ṣé o rí i?"

"Rárá, mà."

"Èmi náà kò rí i. Ẹ̀ẹ̀mélòó ni wọ́n fọ̀ ọ́?"

"Mẹ́rin."

"Ṣé oyún wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà yẹn?"

"Ìgbà àkọ́kọ́ nìkan. Ìyókù, wọ́n ní kí ó mọ́ ni."

Ẹnu obìnrin náà le. "Ilé ọmọ kì í ṣe ìkòkò. Awọ kan wà lára ògiri rẹ̀ tó máa ń dàgbà lóṣooṣù. Òun ló máa ń ya tó fi ń di nǹkan oṣù, òun náà ni oyún máa ń fìdí múlẹ̀ sí. Ẹni tó fọ̀ ọ́ ti ha á dé ìpìlẹ̀. Ojú ọgbẹ́ sì máa ń lẹ̀ mọ́ ojú ọgbẹ́."

Sísọ́ọ̀sì kékeré kan yọ lẹ́nu ọ̀pá. Ó gé òwú kan. Ó gé òmíràn. Àyè ń ṣí díẹ̀díẹ̀, pupa rẹ́súrẹ́sú. Omi ń bọ́ lójú Ẹniọlá sínú etí, kò sì gbé ọwọ́ nù ún. Kì í ṣe ìbànújẹ́. Ó ń ka iye ìgbà tó ti dùbúlẹ̀ sórí tábìlì yàrá iwájú yẹn, tó fi eyín di ètè mú, tó sì dìde tó kúnlẹ̀ dúpẹ́.

Wọ́n fi bàlúùnù kékeré kan sínú rẹ̀ tí yóò wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan kí ògiri má baà tún lẹ̀ mọ́ra. Wọ́n fún un ní oògùn tí yóò mú kí awọ náà tún hù. "Mi ò ṣèlérí ọmọ fún ọ," Dókítà wí. "Bí nǹkan oṣù bá padà, a jẹ́ pé ilẹ̀ ti ń jí nìyẹn. A ó tún wò ó." Ó fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù Ẹniọlá, nítorí pé Ẹniọlá bẹ̀ ẹ́.

*

Ní ọjọ́ ìdúpẹ́ ogójì, wọ́n ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, pálọ̀ kún, àwọn obìnrin àdúgbò tó ń dáná wà lójú fèrèsé, wọ́n ń fi ọwọ́ ro ọbẹ̀, wọ́n ń fi etí ro ọ̀rọ̀. Babájídé ti dé láti Èkó. Tolú ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì sọ ọ́ dáadáa: igbá ti di méjì, ẹyẹ sì ti ń fi orúkọ pè wọ́n.

Gideon gbé ojú sókè. "Ẹ ti gbọ́. Wọ́n ti mú un wẹgbẹ́. Ẹniọlá, jẹ́wọ́!"

"Adó la lọ," Ẹniọlá wí. "Mo lọ ṣe iṣẹ́ abẹ."

Babájídé fò dìde. "Iṣẹ́ abẹ? Láìsọ fún mi?"

"Mo pè ẹ́. O ní o wà níbi iṣẹ́. Jókòó, Jídé." Ó jókòó, ó ya òun gan-an lẹ́nu. Ẹniọlá yíjú sí Victoria. Ohùn rẹ̀ balẹ̀ débi tó fi ń bani lẹ́rù. "Màmá, ẹ dákun, ẹ sọ fún wọn bí ẹ ṣe fọ̀ mí. Wọn ò mọ iṣẹ́ yín."

Bí Victoria bá mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ì bá dákẹ́. Ṣùgbọ́n wọ́n ti bi í léèrè nípa iṣẹ́ rẹ̀ níwájú ogún ènìyàn. Ó dìde, ó wọ yàrá iwájú, ó padà pẹ̀lú àwo irin tí ó fi aṣọ tí a hun bò. Ó ṣí i bí ẹni ṣí oúnjẹ fún bíṣọ́ọ̀bù. Irin gígùn kan wà nínú rẹ̀, ẹnu rẹ̀ dà bí ṣíbí kékeré tí a gbẹ́ inú rẹ̀.

"Eléyìí ni," ó wí. "Àwọn dókítà òde òní, wọ́n kàn ń fi ọwọ́ pa á lórí ni. Èmi, mo máa ń ha á dé ìdí. Títí yóò fi máa dún. Bó bá ti dún kííkíkí báyìí, ó ti mọ́ nìyẹn."

"Ẹ̀ẹ̀mélòó ni tèmi dún?"

"Mẹ́rin. Láìgba kọ́bọ̀!"

Ẹniọlá gbé fóònù sókè, ó sì tan fídíò náà. Ó fi han Babájídé lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ó ń gbé e kiri, lójú kan dé ojú kejì. Ó ṣàlàyé bí ó ṣe máa ń ṣàlàyé fún àwọn ọmọ JSS 3. "Òwú tí ẹ rí yẹn, àpá ni. Ibi tí irin náà ti dún nìyẹn. Nǹkan oṣù mi kò sí nínú ife ẹnikẹ́ni. Ilẹ̀ tí ó ti ń hù ni wọ́n ha nù. Bàbá Ajíhìnrere, ẹ bá mi wo àgádágodo níbẹ̀. Mo wá a títí. Dókítà bá mi wá a."

Gideon wò ó. Ó tún wò ó. "Nǹkan ti ẹ̀mí," ó wí, "kámẹ́rà kì í..."

"Màmá."

Tolú ni. Ó ti dìde láìmọ̀. Ọmọbìnrin kan ló bí, ọmọ náà ti pé ọdún méje, kò sì tíì sí àbúrò fún un. "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fọ tèmi, Màmá. Ẹ ní kí ọkùnrin lè ráyè jókòó."

"Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni tèmi," ohùn kan wí láti ojú fèrèsé.

"Tọmọ mi ńkọ́?" ẹlòmíràn wí. "Ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún ni! Inú kàn ń run ún ni!"

Ṣíbí ọbẹ̀ já bọ́ sílẹ̀ níta. Gideon ní, "Ẹ jẹ́ ká di ojú wa ká gbàdúrà." Kò sẹ́ni tó di ojú. Ẹniọlá na ọwọ́, ó sì mú irin náà kúrò nínú àwo.

"Gbé e sílẹ̀!" Victoria pariwo. "Irin ìjọba ni!"

Bí ó ṣe jẹ́wọ́ nìyẹn, níwájú ogún ènìyàn, ibi tó ti rí i. Ó wo ojú wọn yíká. Aṣọ funfun náà dà bí ẹni pé ó ti tóbi jù fún un. "Mo rò pé mò ń ràn yín lọ́wọ́ ni," ó wí, jẹ́jẹ́. Babájídé, ọmọ rẹ̀, ń wo fóònù tó ti kú lọ́wọ́ Ẹniọlá.

*

Gideon padà sí Èkó. Ó fi fóònù tọrọ gáfárà lọ́wọ́ Ajíbọ́lá, ó ní Sátánì ló lo ẹnu òun. Ajíbọ́lá ní kí ó kí Sátánì fún òun.

Oṣù kan lé ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ní ọjọ́rú, Ẹniọlá jókòó nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ àwọn olùkọ́, ó fi ọwọ́ bo ẹnu kí àwọn ọmọ ilé-ìwé má baà gbọ́ ẹkún òun. Kò dúró gba àyè lọ́wọ́ ọ̀gá. Ó gun ọ̀kadà délé.

Takisí kan dúró lẹ́nu ọ̀nà. Báàgì méjì ti wà nínú bùútù, rédíò wà lórí ìjókòó, Ajíbọ́lá sì ń gbé ẹsẹ̀ kan wọ ọkọ̀.

"Ìyá! Níbo?"

"Èmùré. Àwọn tó lé mi ti kú. Àwọn ọmọ àbúrò ọkọ mi ní yàrá kan ṣófo."

"Ṣùgbọ́n gbogbo wọn ti mọ̀ pé irọ́ ni!"

"Wọ́n mọ̀. Síbẹ̀, mo kọjá lánàá, obìnrin kan fa ọmọ rẹ̀ wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ọmọ náà kò ju ọdún mẹ́ta lọ. Mo ti dàgbà jù láti máa ṣàlàyé ara mi fún ọmọ ọdún mẹ́ta, ìyàwó wa." Ó wo ojú Ẹniọlá. Ó dúró. "Kí ló dé?"

Ẹniọlá fẹnu sí i létí: nǹkan oṣù òun ti padà dé.

Àgbà obìnrin náà fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Ẹniọlá mú. "Ó pọ̀?"

"Díẹ̀ ni."

"Padà lọ bá dókítà rẹ. Lọ́la. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọ nǹkan kan."

Ó jókòó sínú takisí. Kọ́tìnì yàrá iwájú mì; ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun wà lẹ́yìn rẹ̀. Lókè ọ̀nà, àwọn obìnrin méjì dáwọ́ ọ̀rọ̀ dúró kí wọ́n lè gbọ́. Ajíbọ́lá yọ orí síta, ó sì gbé ohùn sókè kí gbogbo òpópónà lè pín nínú rẹ̀.

"Ìyàwó wa! Sọ fún wọn pé mo ti dá a padà."

Ó ní kí awakọ̀ máa lọ.